Ẹni Tó Lé Aláṣọ Pupa Kúrò Lórí Àpáta

Ẹ má fò ó kọjá. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, nítorí òpin rẹ̀ ló dunni jù.

1.
Ọ̀gá Àpáta ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àlejò lọ wo omi kan tó ń já láti orí àpáta. Ẹ̀yin ará, omi yẹn ga! Bí èèyàn bá gbójú sókè wo ibi tó ti ń bọ̀, fìlà á já bọ́ lẹ́yìn orí. Omi náà á ti fọ́ di ìkùukùu kó tó balẹ̀. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ á máa gba àárín rẹ̀ wọ ihò àpáta lọ bá ọmọ wọn. Nísàlẹ̀, adágún tútù kan wà tí àlejò ti ń ṣeré. Ariwo omi kì í jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ara wọn níbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń ṣọ́ òkè. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn òkè, odò lè kún lójijì, kí oòrùn sì máa ràn nísàlẹ̀. Bí àbúrò yìí bá ti rí i pé omi pọ́n, tó ń gbé ewé bọ̀, á gbé aṣọ pupa sókè lórí ọ̀pá gígùn, kálukú á sì sá jáde.

2.
Àwọn àlejò wá fẹ́ràn àbúrò yìí, wọ́n ń pè é ní Aláṣọ Pupa. Wọ́n á kọjá lára ẹ̀gbọ́n, wọ́n á lọ bá àbúrò ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kan, akọ̀ròyìn rédíò kan dé. Àbúrò ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Akọ̀ròyìn náà ní kí Ọ̀gá Àpáta bá òun di báàgì òun mú. Ó dì í mú títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

Bí akọ̀ròyìn ṣe lọ tán, Ọ̀gá Àpáta gba ọ̀pá lọ́wọ́ àbúrò.

"Láti ọ̀la, má wá mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn: o kàn ń dúró lásán ni."

"Ta ló máa wá máa wo òkè?"

"Ojú mi méjèèjì ò fọ́!"

Ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún. Àbúrò gba ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ, ó ń kọ́ṣẹ́.

3.
Oṣù méjì kọjá láìsí wàhálà. Ìyẹn gan-an ló tàn án jẹ. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ó ti pè é ní ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tọkọtaya tí ìgbéyàwó wọn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan dé. Olùkọ́ ni ọkọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀rín ṣáá ló ń rín. Fóònù Ọ̀gá Àpáta dún lẹ́nu géètì. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn òkè ti ṣú dúdú láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ẹnikẹ́ni sọ̀kalẹ̀ lónìí."

"Ṣé fọ́tò ló tún ń wù ẹ́? Gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ!" Ó pa fóònù.

Kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ọkọ jókòó sórí òkúta láàárín adágún, ìyàwó ń yà á ní fọ́tò létí omi. Àfi bí omi funfun yẹn ṣe dédé pọ́n. Ọ̀gá Àpáta figbe ta. Ta ló máa gbọ́? Ó gbá ìyàwó mú, ó wọ́ ọ gun òkè. Nígbà tí wọ́n máa bojú wẹ̀yìn, òkúta náà ti wọ abẹ́ omi. Ọkọ ò sí mọ́.

Ìyàwó di ẹ̀wù Ọ̀gá Àpáta mú. "Ẹ sọ fún mi. Ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ òkè ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó yẹ kó ti sunkún, kó jẹ́wọ́, ibẹ̀ ló ti parọ́.

"Ó wà. Àbúrò mi ni. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó sùn lọ."

4.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, irọ́ náà ti tàn, àwọn èèyàn sì ń sọ òkò lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí àbúrò wà. Aránṣọ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ló jáde sí wọn.

"Láti àárọ̀ ló ti wà nídìí ẹ̀rọ mi! Gbogbo wa la gbọ́ nígbà tó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ lọ bi í!"

Wọ́n lọ bi Ọ̀gá Àpáta. Ìpè àbúrò wà lórí fóònù rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú olùkọ́ náà. Ilé ẹjọ́ rán Ọ̀gá Àpáta lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Nígbà tó jáde, ilé ìyá rẹ̀ ló gbà lọ. Ìyá gbé àga fún un, ó gbé oúnjẹ fún un.

"Ìyá mi, àbúrò mi ńkọ́?"

"Ó ti kó lọ. Ó ní kí n má sọ ibi tóun wà fún ọ."

"Ṣé kò lè dárí jì mí ni?"

"Pé o lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó ti gbàgbé ìyẹn. Pé o fẹ́ gbé òkú kọ́ ọ lọ́rùn, ọmọ mi, èmi gan-an ò tíì gbàgbé."

Oúnjẹ náà tutù síwájú rẹ̀.

Ìwọ tó o kà á débí, gbọ́ o: bí ẹni tó kéré sí ọ bá ń gbayì, má torí ìlara lé e kúrò níbi tó ti ń dáàbò bo ẹ̀mí. Bó o bá sì ti ṣe é tán, jẹ́wọ́. Má wá ọrùn ẹlòmíì tí wàá gbé e kọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.