Ọwọ́ Tí Kò Wálẹ̀

Ìpàdé àwọn ayálégbé ń gbóná, Ìyá Aránṣọ sì nawọ́ sókè.

Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ òun nínú omi pípọn.

"Ta ni yóò fọ gọ́tà?" Alága wò yíká. "Ìyá Aránṣọ. Ẹ ṣeun."

"Alága, ẹ jọ̀ọ́…" Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ta ni yóò gbálẹ̀ ọgbà? Ìyá Aránṣọ náà ni."

"Omi ńkọ́?" Alága nàka sí i. "Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ṣé ẹ rí obìnrin bí ọkùnrin?"

Ìyá Aránṣọ ká apá aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ náà wú bí ìrọ̀rí.

"Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú ló fà á. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbé e sókè, kí n má fi gbẹ́rù."

Gbogbo ọwọ́ wọ àpò.

Yàtọ̀ sí ti Ìyá Aránṣọ, ọwọ́ tí Alága fi ń nàka nìkan ló ṣẹ́kù lókè.

Alága bá gbé garawa, ó jáde lọ pọnmi.