Orúkọ Kọ̀ǹpútà Yàrá Kejì

"Ta ló yí orúkọ ẹ̀rọ yìí padà?"

Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lu tábìlì gbàà. Láti Àkúrẹ́ ló ti wá, ọ̀kadà ti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà méjèèjì tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kò ti rí ara wọn. Orúkọ àwọn bàbá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n fún àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún, òun ni àwọn ẹ̀rọ náà sì fi ń wá ara wọn. "Ti yàrá kejì ń wá Oyèlékè kiri, èyí ń jẹ́ Bàbá Olóko!"

"Èmi ni, Àǹtí," akọ̀wé dáhùn. "Bàbá ọkọ mi ló ń jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Mi ò lè máa tẹ orúkọ wọn gangan láràárọ̀."

"Ṣé orí ẹ pé? Ṣé irin ló bí ọkọ ẹ ni? O da iṣẹ́ odidi ọ́fíìsì rú nítorí èèwọ̀ ará oko! Sún, jàre!"

Ó jókòó, ó tẹ Oyèlékè wàràwàrà, ó pòṣé. "Mo gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ ti yàrá kejì náà síbí. Kí ló ń jẹ́?"

"Làmídì ni, mà."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lókè bọ́tìnì. Ó wo akọ̀wé, ó wo fèrèsé. Inú ṣì ń bí i, àmọ́ ìka kan kò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde kúrò lórí àga.

"Jókòó!" ó jágbe mọ́ akọ̀wé. "Bá mi tẹ orúkọ bàbá ọkọ tèmi."