Ọmọ Ṣáínà Tó Lẹ́kọ̀ọ́ Ilé

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá Toyyibah pè é lórí kọ̀ǹpútà láti Ṣáínà. Ó ní tí àwọn ọmọ méje tó ń kọ́ lédè Òyìnbó kò bá gba ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kí oṣù tó parí, kó máa lọ sílé. Ilé náà ni Toyyibah kúkú jókòó sí, ní yàrá kan tó háyà ní Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ló ń sanwó yàrá náà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá sì yé e.

Iṣẹ́ náà kò le. Tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, tí wọ́n ti jẹun alẹ́ tán lọ́hùn-ún, ojú àwọn ọmọ méje náà á yọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Toyyibah á ka ìtàn kúkúrú kan fún wọn, á fi ìbéèrè mẹ́wàá sílẹ̀, àwọn náà á sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ kí aago mẹ́ta tó lù. Ìdáhùn ọ̀hún ni kò ṣeé kà. Ìtàn ní ajá gé Tom jẹ. Ìbéèrè ní ta ló gé ta jẹ. Wei ní Tom ló gé ajá jẹ, ajá sì ti lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kejì, Mùlíkátù àbúrò rẹ̀ gbé ẹja yíyan wá láti Ẹ̀pẹ́. Kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Ó na ọrùn síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń juwọ́ sáwọn ọmọ olọ́mọ.

"Ta nìyẹn, Tíṣà?" Lingling béèrè.

"Àbúrò mi ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀pẹ́, ó máa ń bá èèyàn tẹ ìwé. Ẹ má wulẹ̀ bi í ní nǹkan kan o, ẹ̀ẹ̀mejì ni èdè Òyìnbó gbé e ṣánlẹ̀ nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Mùlíkátù náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò tiẹ̀ lè bò mí láṣìírí, Àǹtí mi," ló wí. Ó kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ó gbé ẹja rẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ. Aṣọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wọ̀, èyí aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n tẹ nọ́ńbà fóònù gàdàgbà sí lẹ́yìn.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ìyípadà ti dé. Lingling gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Wei, ọ̀rẹ́ ajá, gba mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́sàn-án. Toyyibah ní ọmọ tí kì í gùnkè, tí kì í sọ̀kalẹ̀, ọmọ tó fọkàn balẹ̀ ni.

Wọ́n wá dẹni tó ń kíni. Kí ìdáhùn kankan tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti kọ́kọ́ kí i kú ọ̀sán, kú iṣẹ́, kú wàhálà àwọn. Toyyibah ka èyí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìtàn dá lórí Tom tó rí òrùka wúrà níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé, tí kò sì mú un. Kí ló dé tí kò fi mú un? Ìdáhùn tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ ni pé olóòótọ́ ọmọ ni Tom. Àwọn ọmọ méjèèje ní wọn kì í ṣa nǹkan ní oríta, kí orí èèyàn má baà dà rú. Toyyibah wo ìdáhùn ilé iṣẹ́, ó wo tàwọn ọmọ, ó fún gbogbo wọn ní máàkì pípé. Ó ní wọn kì í ṣe olóòótọ́ nìkan, ọlọ́gbọ́n ni wọ́n.

Ó pe Mùlíkátù títí. Láàárín aago kan sí mẹ́ta, fóònù rẹ̀ kì í wọlé mọ́. Aago mẹ́rin ló tó gbé e.

"Oníbàárà ló kún ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí mi, ẹ má bínú."

"Oníbàárà wo? Gbọ́ o. Mo bi àwọn ọmọ yìí pé kí ló dé tí Peter ò fi jẹun nílé tó ti lọ ṣe àlejò. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú sí i ni."

"Ohun tí wọ́n kọ gan-an nìyẹn! Ọmọ Ṣáínà! Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé ju gbogbo ọmọ àdúgbò yìí lọ. Ìwọ tí o bá èdè yìí dàgbà, wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀ lọ."

"Òótọ́ ni, Àǹtí mi. Ọpọlọ wọn pọ̀."

"O ò ṣe ní kí wọ́n máa kọ́ ẹ?"

"Àwọn ọmọ yẹn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra sinmi."

Oṣù parí. Àwọn ọmọ náà gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ọ̀gá fún Toyyibah ní kíláàsì kejì, ó sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ pé tíṣà bíi tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Toyyibah tẹ ìwé náà jáde, ó fi gíláàsì bò ó. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ mọ́tò, ó gba Agbówà já sí Ẹ̀pẹ́, kí àbúrò rẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìwé ń ṣe fún èèyàn.

Ṣọ́ọ̀bù ti yàtọ̀. Fíríìjì tuntun ń kùn ní igun, páńẹ́lì òòrùn wà lórí páànù.

"Ta ló ṣe gbogbo èyí fún ẹ?"

"Oníbàárà ni, Àǹtí mi. Ẹ jókòó sórí àga mi, kí n lọ ra sùyà fún yín."

Mùlíkátù yára jáde. Toyyibah jókòó, ó gbé ìwé ẹ̀rí lé itan, ó sì gbójú sókè láti wá ibi tí wọn yóò gbé e kọ́ kí gbogbo Ẹ̀pẹ́ lè máa rí i.

Páálí kan ti wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ méjèèje ni Mùlíkátù tò sí i láti òkè délẹ̀, ó sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wei pé: "Kó máa ṣi ẹyọ kan lójoojúmọ́, kí Àǹtí mi má baà fura."