Ẹja Inú Àpò Akínṣọlá

Odò àríwá Kánádà tutù débi pé egungun ń dunni, síbẹ̀ òógùn ń bo Akínṣọlá lábẹ́ ẹ̀wù. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹja yòówù téèyàn bá fi ìwọ̀ tí wọ́n so ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ mú, kó dá a padà sómi láàyè. Ṣùgbọ́n ẹja tirẹ̀ tóbi, ó sì ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ ata rẹ̀ lọ́kàn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Láníyì, tó ń mú àwọn apẹja àlejò kiri, bi í nípa ẹja náà, kò lè wojú rẹ̀.

"Mo ti dá a padà, ẹ̀gbọ́n."

Bí wọ́n ti ń gba etídò lọ sí àgọ́ nírọ̀lẹ́, ìró ẹsẹ̀ ẹnìkan ń tẹ̀ lé wọn nínú omi. Bí wọ́n bá dúró, òun náà a dúró. Ilẹ̀ ṣú tán ni obìnrin kan yọ. Omi mù ún dé ìbàdí, yìnyín bo irun rẹ̀, kò sì gbọ̀n. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n Láníyì ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, mà. Àbúrò mi lóun ti dá ẹja yín padà. Kì í purọ́."

Ó wu Akínṣọlá kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ìgbà náà ni ẹja tó ti fi òkúta pa láti ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í ta pìtìpìtì nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀.