Aṣọ Kẹ́hìndé

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ òòfà ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ àdúgbò wa. Èyí tí tiẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gbé e lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. A ò tíì rí èyí tó padà.

Kẹ́hìndé mi ń wúkọ́. Mo fi í pamọ́ sílé, mo wọ aṣọ rẹ̀ fún Táíwò, mo gbé e wá. Tó bá dọ̀sán, màá tún gbé Táíwò padà wá lórúkọ ara rẹ̀.

Mo bọ́ yẹtí rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kò mira.

Nọ́ọ̀sì wo àwòrán náà títí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ mọ́kàn le. Ti Kẹ́hìndé ti ṣú. Ẹ lọ mú Táíwò wá."

Wọ́n ti ń gbé ọmọ mi lọ, ó ń sunkún, ó nawọ́ sí mi. N ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ.