Èéfín Àwọn Ẹlòmíràn

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Láàárọ̀, á kọ́kọ́ bọ́ síta, á gbójú sókè wo ojú ọ̀run títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá pọ́ǹpù táyà rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Bí mọ́tò bá kọjá, á fọwọ́ bo imú, á tẹjú mọ́ ẹni tó ń wà á bí ẹni pé ó bá a níbi tó ti ń jalè.

Télọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì ló há a lọ́fun jù bí eegun ẹja. Mọ́tò obìnrin náà ti gbó. Á húkọ́ títí kó tó gbéra, èéfín dúdú á sì máa tú lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ò lẹ́sẹ̀ ni?" Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ bi í lọ́jọ́ kan.

"Mo lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n," télọ̀ fèsì. "Máṣíìnì tí mo gbé sẹ́yìn yìí ni kò ní."

"Rẹ́rìn-ín dáadáa. Ayé tí ẹ̀ ń bà jẹ́ yìí, ọmọ ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Kálukú ló máa jíhìn èéfín tirẹ̀."

Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn nítorí orúnkún tó wú, ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé. Ilé ìwòsàn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, àmọ́ òkè ni gbogbo ọ̀nà.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká bẹ Àǹtí télọ̀ kó bá wa gbé Màámi," ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Kò ṣeé ṣe."

"Takisí ńkọ́?"

"Èéfín ni èéfín ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa torí orúnkún ba ayé jẹ́ nínú ilé tèmi." Ó yíjú sí ìyá àgbà. "Ẹ rọra máa rìn, Màmá. Ẹsẹ̀ tí a ò bá lò ló ń dìgì."

Wọ́n rìn. Ìyá àgbà dúró nídìí òpó iná kan, ó tún dúró nídìí òmíràn. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó jókòó, kò sì lè dìde mọ́. Ọmọ rẹ̀ fà á títí, ó sú u, òun náà bá jókòó tì í. Ibẹ̀ ni télọ̀ bá wọn. Ó kó aṣọ àwọn oníbàárà kúrò lórí àga ẹ̀yìn, ó gbé ìyá àgbà sí i, ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà dókítà.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ gbọ́. Kò béèrè nípa orúnkún.

"Ẹ̀yin àgbàlagbà náà, Màmá? Ẹ wọ inú ìkòkò èéfín yẹn, gbogbo àdúgbò ń wò yín? Ojú wo lẹ fẹ́ kí n máa fi bá wọn sọ̀rọ̀?"

Ìyá àgbà fa ìró rẹ̀ bo orúnkún.

"Ẹ kú ìtọ́jú ayé, àna mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé mi, kí n má baà fi orúnkún bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ di ẹrù ìyá rẹ̀, ó sì di tirẹ̀ mọ́ ọn. Télọ̀ ló wá gbé wọn.

"Ìwọ náà?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Màámi ò lè dá wà. Ẹ̀yin lẹ lafẹ́fẹ́ tó mọ́, Dádì. Ẹ máa mí in."

Mọ́tò húkọ́, ó gbéra. Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ni Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ń wò, èéfín ló ń wò. Ó pòṣé. "Aláìmọ̀kan gbogbo," ó ní.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti ń bọ̀, sà. Ojú ọjọ́ dára gan-an."

Ó pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gun kẹ̀kẹ́. Ní ibùdókọ̀, àwọn èèyàn tò, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó wò wọ́n bí ẹni ń wo ìdọ̀tí. Ní géètì ibi iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í gbé mọ́tò wá síbí."

"Èèyàn bíi tèmi ò pọ̀," ó dáhùn. Ó so kẹ̀kẹ́ mọ́ irin, ó nu òógùn ojú.

Ó wá gun àtẹ̀gùn wọ inú bàálù ọ̀gá rẹ̀, ó jókòó síwájú, gbogbo àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ó tan ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ó sì gbé e fò kọjá òkun, láti lọ gbé ajá tí ọ̀gá gbàgbé sí hòtẹ́ẹ̀lì.