Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Pa Oògùn Tì?

Kọ́lájọ àti Olówòkéré jọ ń pẹja nínú ọkọ̀ kan ní Abereke, kò sì sí ohun tí wọn kì í fi díje. Bí ọ̀kan bá wa ọkọ̀ dé Ode Ugbo láìsinmi, èkejì yóò wà á dé ibẹ̀, yóò sì tún wà á padà.

Ní ọdún tó kọjá, ikọ́ ife mú Kọ́lájọ. Ó lo oògùn títí ara rẹ̀ fi fúyẹ́ díẹ̀, ó sì da ìyókù sómi. Ikọ́ náà padà.

Nọ́ọ̀sì Jọọlá ní ilé ìwòsàn Mahintedo kò rẹ́rìn-ín sí i. "Oṣù mẹ́fà gbáko, Bàbá. Bí ẹ bá tún pa á tì, oògùn lè má ràn yín mọ́. Ẹ̀mí yín ni."

"Oṣù mẹ́fà? Ta ló lè ṣe é?"

Wọ́n ti yẹ Olówòkéré náà wò, nítorí pé wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀. Ó wọlé lọ gbọ́ èsì tirẹ̀. Nígbà tó jáde, ike oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà?" Kọ́lájọ bi í.

Olówòkéré kì í purọ́. Gbogbo ìjọ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mi ike náà. "Ọjọ́ tí o bá parí tìrẹ ni n óò parí tèmi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa kọ́kọ́ sá."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ojo yìí."

Láràárọ̀, kí wọ́n tó ju àwọ̀n, Kọ́lájọ á fi omi gbé tirẹ̀ mì láìtíì jẹun. Olówòkéré á ti jẹ púpurú yó, á wá máa rún tirẹ̀ lẹ́nu.

"Ọ̀kánjúwà, o tún ń rún oògùn bí ẹran."

"Jẹ́ kí n gbádùn tèmi."

Oògùn náà mú kí ìtọ̀ Kọ́lájọ pọ́n bí epo, ó sì ń fi í yangàn. "Tèmi ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí n rí tìrẹ."

Olówòkéré á kọ ẹ̀yìn sí i. "Àgbàlagbà kì í wo ìtọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ní oṣù kẹta, Kọ́lájọ ní ara òun ti yá, òun fẹ́ jáwọ́.

"Ó dára," ni Olówòkéré wí, ó sọ tirẹ̀ sẹ́nu. "Mo borí nìyẹn. Gbogbo Abereke á gbọ́ kí oòrùn tó wọ̀."

Kọ́lájọ gbé tirẹ̀ mì kíákíá.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ikọ́ náà ti tán. Kọ́lájọ jó yí tábìlì ká. "Ẹ yẹ tirẹ̀ náà wò, ká mọ ẹni tó borí."

Nọ́ọ̀sì Jọọlá wo Olówòkéré, tó ti tẹjú mọ́lẹ̀. "Bàbá, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti mọ̀ pé ikọ́ kankan kò ṣe wọ́n, fítámìn tí àwọn ọmọdé ń rún ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi."